Ọmọ Ìbàràpá àti Ìwé Àwọn Àgbà

Nínú ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, ibì kan wà tí ó ti ń ka àwọn ìlú Ẹ̀kùn Ọ̀tún ilẹ̀ Ọ̀yọ́, èyíinì ni àwọn ìlú tí ó tẹ̀ lé Odò Ògùn ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ó fi Ìgànná ṣe olórí wọn. Ó dárúkọ Ṣakí, Òkèihò àti Ìsẹ́yìn. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan Èrúwà àti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Níbẹ̀ ni ó ti sọ gbólóhùn kan péré nípa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìsàlẹ̀ ẹ̀kùn náà: pé Ìbàràpá ni wọ́n, pé àwọn ni wọ́n ń gbé ní ìpẹ̀kun ààlà ẹ̀kùn náà, àti pé ohùn imú ni a fi ń dá wọn mọ̀. Lẹ́yìn èyí ó kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bí ọmọ Igbó-Ọrà tàbí ọmọ Ìdèrè bá ka ibẹ̀, ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣe. Ó lè rẹ́rìn-ín, kí ó rántí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí. Ó sì lè bínú, kí ó ní àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ka ẹlòmíràn sí, kí ó pa ìwé náà dé. Èyí tí ó rẹ́rìn-ín kò kàwé. Èyí tí ó bínú kò kàwé pẹ̀lú. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: kí a bọ̀wọ̀ fún ìwé tí ó tó bọ̀wọ̀ fún, kí a sì bá a jiyàn bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ṣe ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn, láìgbé ohùn sókè, láìsì fi òtítọ́ pamọ́.

Ìwé àgbà ni mo pe ìwé tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan kò lè ṣaláì dá lóhùn. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìwé púpọ̀ ni ó gbó tí kò dàgbà. Ìwé Johnson dàgbà. Ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣe dàgbà. Ìwé Fágúnwà dàgbà kí ẹni tí ó kọ ọ́ tó kú. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, n ó máa mú àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá bá tiwa jókòó. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Ilẹ̀ wọn fẹ̀, ìlú ọba kan ni ó ń sọ fún àwọn ìlú yòókù bí a ti ń kọ̀wé, àwọn abúlé sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí àwọn abúlé náà ṣe wá di ẹni tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ni ó kan Ìbàràpá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bu ọlá fún Johnson. Ní Sàró ni a ti bí i ní ọdún 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ẹrú ti gbé lọ. Ó padà wá sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó di àlùfáà ní ìlú Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń rìn láàárín àwọn ológun nígbà tí a ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì. Ní ọdún 1897 ó parí ìwé rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí a fi í rán sí. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ àwọn Jámánì gba ọkọ̀ òkun tí ó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìwé tí ẹni méjì fi ayé wọn ṣe, tí kò sí èyí tí ó rí i nínú wọn, kò tọ́ kí a máa fi ìka kan ṣoṣo ṣí i wò, kí a sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ìtàn náà fún Johnson? Òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́: àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni, àti àwọn àgbà tí ojú wọn ti rí ogun. Iṣẹ́ arọ́kin ni kí ó máa ka àwọn ọba tí ó ti jẹ, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ọba kọ̀ọ̀kan. Bí a bá bi í léèrè Ìbàràpá, ohun tí ó mọ̀ ni ohun tí Ìbàràpá ṣe fún ààfin, tàbí ohun tí ààfin ṣe sí i. Nítorí náà ni àwọn ìlú wa fi máa ń yọ lójijì nínú ìwé náà nígbà tí ogun tàbí ìránṣẹ́ bá kọjá, tí wọ́n á sì tún pòórá. Àṣìṣe kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin, ohun tí ó rí láti ẹnu ọ̀nà ààfin ni yóò ròyìn. Àwa tí a dúró ní Ayétẹ́ tàbí ní Tápà ni ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà tí a ti ń wo òkè náà kì í ṣe ẹyọ kan.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní Johnson tirẹ̀, Nikolai Karamzin ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1803 ni Ọba Alexander Kìíní fi í ṣe òpìtàn ìjọba. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń ka àwọn ìwé ìtàn tí àwọn àlùfáà inú ilé ìsìn ti kọ láti ìgbà láéláé, ó sì tẹ ìdìpọ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1818. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé ni a tẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ó tán lórí àtẹ. Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ilẹ̀ wọn ní ìtàn. Ìdìpọ̀ kejìlá, tí ó jẹ́ ìkẹyìn, jáde ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ìwé yìí ni Pushkin ti rí ìtàn tí ó fi kọ eré Boris Godunov, ó sì fi eré náà ṣe ìrántí Karamzin. Ìwé ọba ni ìwé Karamzin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọba bá kú, orí kan parí. Bí òmíràn bá jẹ, orí mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn Karamzin ni Vasily Klyuchevsky, ọmọ àlùfáà abúlé kan, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Moscow jáde. Ọdún 1904 ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Kò bú Karamzin. Ìbéèrè ni ó yí padà. Dípò kí ó béèrè ẹni tí ó jọba, ó béèrè bí àwọn ènìyàn ṣe wọ inú igbó, odò wo ni wọ́n tẹ̀ lé, kí ni wọ́n gbìn, ta ni ó jẹ ta ni gbèsè, kí ni ó dé tí wọ́n fi tún dìde láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Lójú rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ìtàn àwọn tí wọ́n ń ṣí kiri, tí wọ́n ń tẹ ilẹ̀ dó.

Ohun tí Ìbàràpá nílò nìyí. Ilẹ̀ wa wà ní ibi tí igbó dúdú ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀; àwọn òkè àpáta ni a fi ń mọ ọ̀nà; Odò Ògùn àti Odò Ọ̀fìkì ni omi wa. Ìlú méje ni a ń kà: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ìgàngàn, Tápà àti Ayétẹ́. Igbó-Ọrà nìkan, ìlú púpọ̀ ni ó para pọ̀ di í, tí olúkúlùkù sì ní orírun tí ó ń sọ. Ìbẹ̀rẹ̀kòdó tí Johnson kà sí ìlú lọ́tọ̀ wà nínú rẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọba ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Yóò béèrè ọ̀nà oko, ẹni tí ó kọ́kọ́ ro ibi tí a ń gbin ẹ̀gúsí lónìí, ibi tí a ti ń pọnmi kí kànga tó dé, àti ìdílé tí kì í fẹ́ ọmọ ìdílé kejì. Ìdáhùn wà lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó ju bí ó ti wà lẹ́nu àwọn ìjòyè lọ.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ imú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ajayi Crowther tí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, tí ó sì tẹ gírámà jáde ní ọdún 1852, aládùúgbò wa ni. Òṣogùn ni ìlú rẹ̀, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, níbi tí ẹni tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù yóò ti máa wọ Ìbàràpá. Ọmọdé tí kò ju bí ọdún méjìlá lọ ni nígbà tí a kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Sàró ni ó ti kọ́ ìwé, Abẹ́òkúta àti Èkó ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú sì yí i ká níbẹ̀. Èdè tí ó ti inú Bíbélì odindi ọdún 1884 jáde kò bá ẹnu ìyá ẹnì kankan mu pátápátá. Òtítọ́ ni pé Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn tí ó ń pe ‘ṣ’ bí ‘s’ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a lọ kọ́ Yorùbá ilé ìwé ní ilé ìwé. Ọmọ Ìbàràpá kò ṣe aláìmọ̀ ju ọmọ Ìbàdàn lọ. Ẹnu tirẹ̀ kàn jìnnà sí ìwé ní ọ̀nà mìíràn ni.

Nígbà tí a bá yan ẹnu kan fún ìwé, dandan ni kí a fi àwọn ẹnu yòókù sílẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbàgbé pé a yàn ni, tí a sì wá ń pe ohun tí a fi sílẹ̀ ní àṣìsọ. Vladimir Dal, dókítà àti atukọ̀ òkun ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ fi èyí yé àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ní ọdún 1819, bí ó ti ń rìn nínú òtútù, awakọ̀ ẹṣin rẹ̀ gbójú sókè wo òfúrufú, ó sọ ọ̀rọ̀ abúlé kan tí Dal kò gbọ́ rí nípa bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ṣíwọ́ kíkọ láti ọjọ́ náà. Ní ọdún 1862 ó tẹ ìwé òwe tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Láàárín ọdún 1863 sí 1866 ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ìdìpọ̀ mẹ́rin, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ń sọ agbègbè tí a ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò kọ ọ́ pé èyí dára, èyí kò dára.

Àwa pẹ̀lú ní àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà, 1958, ni R. C. Abraham tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tí ó kún fún orúkọ ẹyẹ àti ewéko, tí Olóyè Isaac Délànọ̀ sì tẹ Atúmọ̀ Èdè Yorùbá, tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ takuntakun ni méjèèjì. Bí a bá ṣí wọn, kí a máa ní bírò lọ́wọ́, kí a máa kọ sí etí ìwé náà ohun tí a ń pe nǹkan náà ní Ìgàngàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi hàn pé a ka ìwé sí. Ìwé atúmọ̀ èdè tí etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí olówó rẹ̀ kò bá kà á.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yí ọkàn mi padà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Novgorod, ìlú àtijọ́ kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Rọ́ṣíà. Ní oṣù Keje ọdún 1951, bí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí èèpo igi kan tí a fi ohun ṣóńṣó kọ̀wé sí lára. Láti ìgbà náà a ti rí èyí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, láti ọ̀rúndún kọkànlá dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ìlú náà ni kò jẹ́ kí wọ́n rà. Kì í ṣe ìwé ọba. Ẹnìkan ń béèrè owó rẹ̀. Obìnrin kan ń ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ẹnìkan ń fẹ́ aya. Ọmọdé kan tí ń jẹ́ Onfim ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó sì sú u, ó ya ara rẹ̀ lórí ẹṣin, ó ń fi ọ̀kọ̀ gún ọ̀tá.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kà wọ́n, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá ìlànà ìwé àwọn àlùfáà mu. Wọ́n ní aláìkàwé ni ó kọ wọ́n, àṣìkọ ni. Ọ̀mọ̀wé Andrey Zaliznyak ni ó jókòó tì wọ́n, tí ó sì fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé ‘àṣìkọ’ náà ní òfin. Àwọn ará Novgorod ní ìlànà ìkọ̀wé tiwọn, wọ́n sì ní ẹnu tiwọn. Ibi tí àwọn ẹ̀yà yòókù tí wọ́n bá wọn tan ti sọ ‘k’ di ‘ts’ níwájú àwọn fáwẹ́lì kan láti ìgbà láéláé, ará Novgorod kò yí i padà. Ó ń pe ‘k’ rẹ̀ bí baba ńlá gbogbo wọn ti ń pè é. Ohun tí a rò pé ó bàjẹ́ ni ó wà bí ó ti wà! Àwọn tí ìwé wọn gún ni wọ́n ti kúrò ní ojú ọ̀nà àtijọ́. Àwọn gbólóhùn kan tí àwọn àgbà onímọ̀ ti túmọ̀ tipátipá di ohun tí ó yéni wẹ́rẹ́, nígbà tí a gbà pé ẹni tí ó kọ wọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ fi èyí wo ohùn imú Ìbàràpá. Nínú Yorùbá, imú kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ni ó ya ‘rìn’ kúrò lára ‘rì’, ‘dín’ kúrò lára ‘dí’, ‘kún’ kúrò lára ‘kú’. Ẹni tí ó bá rò pé kò ṣe pàtàkì, kí ó gbìyànjú láti sọ pé àgbá òun kún láìfi imú sí i. Bí àwùjọ kan bá wá ń fi imú sí ibi tí àwùjọ kejì kò fi í sí, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà rí bẹ́ẹ̀: bóyá ti ìṣáájú ni ó fi kún un, bóyá ti ìkejì ni ó sọ ọ́ nù. Etí lásán kò lè sọ èyí tí ó jẹ́. Àfi kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kí a fi ti Ìbàràpá wé ti Ọ̀yọ́ ní òkè, ti Ẹ̀gbá ní ìsàlẹ̀, ti Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe nínú iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 1967, nígbà tí ó pín ẹ̀ka èdè Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè ńláńlá mẹ́ta. Lára ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni kọ́nsónáǹtì ọ̀fun tí gúúsù ìlà-oòrùn pa mọ́, tí àwa kò sì ní mọ́. Johnson kò ní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Etí àlejò ni ó fi gbọ́ wa. Ó gbọ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn tó fún un. Àwa ni a kò tíì ṣe tiwa. Ó ń dùn mí pé àwọn tí wọ́n ti wá ka ìbejì ní Igbó-Ọrà pọ̀ ju àwọn tí wọ́n wá gbọ́ bí ìyá ìbejì ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Báwo ni a ó ti bi àwọn àgbà léèrè? Níbí ni ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti wúlò, ìwé kan ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà sì fi kọ́ wa lọ́gbọ́n ju bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti rò lọ. Ní ọdún 1931 àti 1932, Alexander Luria, ọ̀rẹ́ Vygotsky tí ó kọ ìwé olókìkí lórí èrò àti èdè, lọ sí ilẹ̀ Uzbekistan láti wádìí bí àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé ṣe ń ronú. Ó sọ fún wọn pé ní àríwá tí ó jìnnà, níbi tí yìnyín wà, funfun ni gbogbo béárì. Pé ìlú kan báyìí wà ní àríwá náà. Àwọ̀ wo ni béárì ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà kọ̀ láti dáhùn. Wọ́n ní dúdú ni àwọn rí. Èyí tí àwọn kò rí, àwọn kò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti lọ sí ilé ìwé díẹ̀ dáhùn kíá. Luria rò pé ìwé ni ó kọ́ni ní irú ìrònú yìí. Àwọn ìjọba rẹ̀ fura sí iṣẹ́ náà, ọdún 1974 ni ó tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíkún.

Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá kà á yóò kọminú. Àgbẹ̀ tí ó ní ojú òun kò tó o, ǹjẹ́ kò ronú ni? Ìdáhùn ẹlẹ́rìí ni ó fún wọn. Níwájú àwọn àgbà ìlú wa, ẹni tí ó bá sọ ohun tí kò fojú rí bí ẹni pé ó fojú rí i, òpùrọ́ ni, bí ó tilẹ̀ bọ́ sí òtítọ́. Barry Hallen àti J. O. Sódípọ̀ bá àwọn oníṣègùn Èkìtì jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé wọn tí ó jáde ní ọdún 1986 fi hàn pé ‘mímọ̀’ lẹ́nu àwọn oníṣègùn náà ni ohun tí ojú ẹni rí tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí. Gbogbo èyí tí a gbọ́ tàbí tí a kà, ‘ìgbàgbọ́’ ni. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ tún le ju ti ilé ìwé lọ.

Ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín ni Thomas Adéoyè Lámbò ti fi irú òye yìí ṣiṣẹ́. Ní Arò, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé, tí ìbátan wọn sì wà pẹ̀lú wọn, dípò kí ó tì wọ́n mọ́ inú ọgbà. Ìwé tí òun àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell jọ tẹ̀ ní ọdún 1963 lórí àìsàn ọkàn láàárín àwọn Yorùbá dá lórí bíbi àwọn ará ìlú àti ará abúlé léèrè ní ẹnu ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ sí Ìdèrè, kò gbọdọ̀ bá ìyá àgbà pé, “Báwo ni ẹ ṣe ń pe nǹkan báyìí?” Ìyá náà yóò fi Yorùbá ìwé dá a lóhùn, nítorí pé akọ̀wé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ó bá a ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Kí ó jẹ́ kí ó sọ bí ó ti dé ilé ọkọ. Bí ó bá ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ wí lọ́wọ́, ẹnu Ìbàràpá gan-an ni yóò jáde.

Nípa lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Pushkin, tí baba ńlá rẹ̀ Gannibal jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí a kó dé ààfin Ọba Peter, gbọ́ àlọ́ lẹ́nu Arina Rodionovna, ìyá tí ó tọ́jú rẹ̀ ní kékeré, nígbà tí ìjọba lé e lọ sí oko ìdílé rẹ̀ láàárín ọdún 1824 sí 1826. Ó sì ti ibẹ̀ gbé èdè Rọ́ṣíà sórí ìtẹ́. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, fi Yorùbá ìwé kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n ọdẹ àti àpàlọ́ ni ó fi èémí sí i. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kí ọdẹ sun ìjálá ní Ìgàngàn, tí ó sì wá ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá ní ọdún 1966, yóò rí i pé ìwé náà ń ṣàlàyé ohun tí etí òun ti mọ̀. Irú òǹkàwé yìí ni ìwé àgbà ń wá. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílé kò lè bá ìwé ṣe pàṣípààrọ̀.

Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Fóònù tí ó wà lápò olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wa lè gba ohùn sílẹ̀ ju ẹ̀rọ tí àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ń fi ọkọ̀ gbé kiri lọ. Bí a bá ń lọ sílé ní ìsinmi, kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ayétẹ́ àti Ìdèrè, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, nítorí pé àwọn ni kò ní dúró dè wá. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí a tó tẹ fóònù. Kí a gba ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ara ènìyàn, kí a sì jẹ́ kí ìtàn gùn bí ó bá fẹ́ gùn. Ohùn kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ orúkọ ìlú sí, àti agbo ilé, àti ọjọ́ orí ẹni tí ó sọ ọ́, àti ìlú tí a ti bí ìyá rẹ̀. Ẹnu ìyá ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbọ́, ìyàwó tí ó ti Ẹ̀gbá wá sí Igbó-Ọrà kò sì ju ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.